Etí Jéró àti Omi Ọjọ́ Jímọ́

Èmi kò fẹ́ràn ajá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ọmọ àlùfáà ni mí. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé tí ajá kan kò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kí àwọn ọmọ kéú má sọ ọ́ lókò. Mọ́rìlíátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ní Banifandou, àdúgbò wa níbí, Ìyá Kàbír ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara mi. Àmọ́ ẹ ó rí i pé àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ èmi ló ti wá.

Sùfíyánù ni orúkọ ọkọ mi. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀ o. Bàbá Kàbír ni mò ń pè é, "ẹ̀yin" sì ni mò ń sọ lójú rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" níbí, kí ọ̀rọ̀ lè yé yín ni, ẹ má wá pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí a ti wà ní Niamey. Nígbà tí a dé, àwọn ará Ìlọrin tí a bá níbí, bí wọn kò bá ta aṣọ, kéú ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní òun kò mọ ọjà pè, òun kò sì ní sùúrù ọmọ kéú. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ jéró. Nígbà tó yá, ó ra tirẹ̀, ó gbé e sí abẹ́ páànù ní iwájú ilé wa. Jéró ni oúnjẹ ìlú yìí. Tí a bá ti kí Àsùbáà tán, àwọn obìnrin á ti máa to báàfù wọn sílẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa dún gbà-gbà-gbà títí di Àìlà, ìrun ọ̀sán. Bí ó bá jáde lábẹ́ páànù yẹn, ìyẹ̀fun á ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀, funfun báláú. Inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ariwo ẹ̀rọ yẹn ló bà á létí jẹ́. Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀tún tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Mo sọ títí, kí ó máa fi òwú dí etí. Ó ní tí òun bá dí etí, báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ tí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn. Olórí kunkun! Lónìí, àfi kí ènìyàn gbé ẹnu sí etí ọ̀tún rẹ̀ kó sì pariwo kí ó tó gbọ́. Tí o bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, o lè kígbe títí ọ̀fun á fi gbẹ. Èmi ní tèmi, mo ti ṣíwọ́ pípè é láti ọjọ́ pípẹ́. Tí mo bá nílò rẹ̀, màá lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Tó bá jìnnà, màá sọ òkúta wẹ́wẹ́ sí iwájú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí àwa ṣe ń gbélé nìyẹn.

Kàbír, ọmọ wa, wà ní Ìlọrin. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í pè mí lórí fóònù. "Ìyá mi, ẹ kó Bàbá wálé. Kí ni ẹni tí kò gbọ́ràn ń wá nídìí ẹ̀rọ? Tí bẹ́líìtì bá fà wọ́n láṣọ ńkọ́?" Tí mo bá jíṣẹ́ fún bàbá rẹ̀, á ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ yìí, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ mi sílẹ̀." Kì í fi ṣẹ̀rín. Èmi náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọkùnrin tí kò lè jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtún nǹkan ṣe, tí wọ́n bá lọ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìlọrin kó máa wo ẹni tó ń kọjá, kò ní pé ọdún kan.

Oṣù kẹrin ọdún kan, nígbà tí oòrùn ń yan ènìyàn láàyè, ọkọ mi na ara sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn Àìlà, ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí. Ó jí, kò rí alùpùpù mọ́. Wọ́n tan án, wọ́n gùn ún lọ, ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀! Kàbír gbọ́, ó ní ó parí, òun ń bọ̀ wá kó wa.

Àkókò yẹn ni Festus wọ ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ Èkìtì kan ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ojú pópó kejì sí wa ló ń gbé. Báǹkì gbé e lọ sí Abidjan, kò sì lè gbé ajá rẹ̀ dání. Ó mú un wá. "Bàbá, ajá yìí gbọ́n, kì í gbó lásán. Ẹ bá mi gbà á." Kì í ṣe irú ajá ìlú yìí tí etí wọn máa ń dúró ṣánṣán. Tirẹ̀ gùn, ó fẹ̀, ó sì wó sílẹ̀ bí etí àgùntàn. Ọkọ mi wojú mi. Mo ní, "Aúsùbílláhì! Nínú ọgbà tèmi?"

Ó bẹ̀ mí ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi kì í bẹ̀ mí. Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ àdéhùn kan fún un. Bàbá mi kọ́ wa pé ohun tí ajá bá fẹnu bà, lẹ́ẹ̀meje ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, ẹ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú yanrìn. Mo ní tí ajá yìí bá máa gbé inú ọgbà mi, a ó máa wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́, láti orí dé ìrù, ẹ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú yanrìn. Jímọ́ tí a kò bá wẹ̀ ẹ́, ọjọ́ yẹn ni yóò jáde. Ọkọ mi fọwọ́ sí àyà, ó ní òun gbà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí àyà, tí ó bá jẹ́ Sùfíyánù ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Òun á di ajá náà mú, èmi á dúró lókèèrè díẹ̀ pẹ̀lú búútà, màá máa da omi sí i lórí, màá máa kà á. Ọ̀kan. Èjì. Ajá náà á dijú, kò ní janpata. Lẹ́yìn ìkeje, ọkọ mi á fà á lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, èmi á lọ múra fún Jímọ́, ọkàn mi á balẹ̀.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Jéró, nítorí ìyẹ̀fun tó máa ń bò ó lára. Kò sì pé oṣù kan kí ajá náà tó mọ iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ọ̀gá òun kì í gbọ́. Tí oníbàárà bá ti kí i, Jéró á dìde, á fi imú kan orúnkún rẹ̀, á sì kọjú sí ibi tí ẹni náà wà. Tí ìró ẹ̀rọ bá yàtọ̀, á fi imú kàn án. Tí ẹnìkan bá kan géètì, á fi imú kàn án. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ènìyàn lóhùn padà. Kàbír kò sọ̀rọ̀ kíkó wa wálé mọ́. Èmi kò pe ajá náà lórúkọ o. "Ajá yín" ni mò ń pè é.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni àìsàn etí ajá náà bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọn orí ṣáá, etí á máa gbá a lójú pàù-pàù. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha á, ó ń fi orí nu ògiri. Nígbà tí a gbé etí náà sókè, inú rẹ̀ pọ́n, nǹkan dúdú tó ń yọ̀ bí ọ̀rá kún un, ó sì ń rùn bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Lamordé, lódìkejì odò. Wọ́n fún un ní omi ìfọtí àti oògùn tí wọ́n ń kán sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó san. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún dé. Ó tún lọ sí Lamordé. Ó tún san. Ó tún dé.

Bó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ nìyẹn fún ọdún méjì. Láàárín ìyẹn, ọkọ mi wá di onídọ̀tí. Láwàní rẹ̀ funfun tó fi ń lọ kí Jímọ́, n óò bá àbàwọ́n dúdú ọlọ́ràá ní ìṣẹ́tí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo pariwo títí. "Ẹ̀yin àgbàlagbà, kí lẹ ń fi láwàní nù?" Á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀rọ ló ta epo sí òun. Epo ẹ̀rọ wo ló ń rùn bí ògì? Mi ò ronú débẹ̀. Mo kàn ń bínú ni.

Ìkarùn-ún ló le jù. Etí méjèèjì ló mú lọ́tẹ̀ yìí, ajá náà sì ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó bá ń rìn. Kì í dá iṣẹ́ mọ̀ mọ́. Obìnrin kan dúró ti báàfù rẹ̀ títí, ó bínú lọ sí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tó ń ja yanrìn ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ ní iwájú ilé wa, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń gbọn àpò. Gbogbo àdúgbò ń kígbe. Jéró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé etí rẹ̀, ó ń ha á, kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo sáré, mo fa ọkọ mi ní gbáriyẹ̀ tí a fi jọ ṣubú sínú yanrìn. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Òun tilẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé!

Mo gbé ẹnu sí etí rẹ̀, mo ní, "Ajá yìí kò wúlò mọ́. Ó ń rùn, kò gbọ́ràn, ó fẹ́ pa yín. Ìgbà ìkẹyìn tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ nìyí. Tó bá tún padà, kí Rámádánì tó wọlé, ó ń jáde." Ó fi ọwọ́ bo etí ajá náà, bí ẹni pé kò fẹ́ kó gbọ́.

Ọjọ́rú tí ó yẹ kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ibà dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Kò lè dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ààrò. "Ìyá Kàbír, jọ̀wọ́, bá mi gbé e lọ. Tí ọjọ́ yìí bá kọjá, etí náà á bàjẹ́." Èmi! Ọmọ àlùfáà! Ẹ wo ojú ènìyàn tó ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù, kí ẹ sì sọ pé ẹ ò lọ. Mo wọ híjáàbù, mo fi àkísà wé ọwọ́ kí n tó di okùn rẹ̀ mú, mo jáde.

Takisí mẹ́ta ló wo ajá, tí wọ́n sì wò mí, tí wọ́n wakọ̀ lọ. Ìkẹrin dúró tán kí ó tó rí i. "Hajiya, da kare?" ló ń bi mí, pé ṣé pẹ̀lú ajá ni, bí ẹni pé mo gbé ìbọn dání. Àfi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló gbé wa, ó sì ní kí ajá náà jókòó sórí ẹsẹ̀ mi. Láti Banifandou títí a fi gun afárá, orí ajá wà lórí itan mi. Ó wúwo. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti kó sí kòtò, á ké hìn-ín díẹ̀, á sì wo ojú mi. Mo ń wo odò.

Ousmane ni orúkọ dókítà náà, ọmọ Zarma ni, kò ju ọjọ́ orí Kàbír lọ. Hausa la fi ń sọ̀rọ̀. Ó gbé etí ajá náà sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó fi òwú tọ́ inú rẹ̀, ó fi pa ara gíláàsì kékeré kan, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ní kí n wá wò ó. Mo ní mi ò wò. Mo wò ó. Àwọn nǹkan kan tò jọ bí ẹ̀pà olójú méjì nínú èèpo. Ó ní ìbátan ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò ni. Ó ní kò sí ajá tí kò ní díẹ̀ lára, wọn kì í sì ṣe nǹkan kan fún un. Àmọ́ ibi tó bá ti gbóná, tó sì ní ọ̀rinrin, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè dé, bí abẹ́ etí tó wó sílẹ̀ yìí, wọ́n á máa pọ̀ sí i, etí á máa yún, á máa rùn.

"Ohun tí kò yé mi," ó ní, "ni pé ìgbà karùn-ún rèé. Oògùn mi ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi awò wò ó, màá rí i pé wọ́n ti lọ. Oṣù mélòó kan, wọ́n á padà. Omi ló sábà máa ń fa irú èyí. Ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, tàbí èyí tí wọ́n ń wẹ̀ ṣáá. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ẹ kì í wẹ̀ ẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni kì í wẹ̀ ẹ́? Dókítà, kò sí ajá tó mọ́ tó eléyìí ní gbogbo Niamey! Èmi fúnra mi ni mò ń da omi sí i lórí, lẹ́ẹ̀meje, ní gbogbo Jímọ́. Ọdún méjì gbáko, a kò fo ọ̀sẹ̀ kan."

Dókítà gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Hajiya," ó ní, "ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bi Bàbá."

Mo ní bóyá kò gbọ́ ni, ẹ ṣáà mọ̀ pé etí rẹ̀ ò dáa. Ó ní, "Ó gbọ́. Ẹnu mi wà ní etí ọ̀tún rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níta gbọ́. Mo ní, Bàbá, bí omi bá ń wọ etí yìí, asán ni oògùn mi. Lọ́jọ́ kan, awọ inú rẹ̀ yóò bẹ́, ajá yóò sì di adití. Ó wo ajá náà pẹ́. Omi lé sí i lójú. Ó ní, 'A kì í wẹ̀ ẹ́.' Ó wá bi mí bóyá tí ènìyàn bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá, omi náà lè tán. Mo rò pé omi òjò ló ń sọ."

Láwàní. Ẹ̀yin èèyàn mi, láwàní! Gbogbo Jímọ́, lẹ́yìn ìkeje, tó bá fà á lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, láwàní ìrun rẹ̀ ló ń tú tó fi ń nu etí ajá, èmi sì ń fọ̀ ọ́, mo ń bú u.

Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Tí ó bá ní kí n má da omi sí i mọ́, àdéhùn bàjẹ́ nìyẹn, ajá á jáde. Tí kò bá sọ, etí ajá á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó yan èyí tí yóò jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò parọ́ rí, tó fọwọ́ sí àyà fún mi, ó dúró níwájú ọmọdé yìí, ó parọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé ẹ̀rù mi ń bà á. Ojú tì mí. Mo jókòó sórí àga dókítà, mo sunkún.

Ousmane ní awọ inú etí náà kò tíì bẹ́, ṣùgbọ́n èyí ni ààyè ìkẹyìn. Ó fi bí a ṣe ń ṣe é hàn mí. Kí n kán omi ìfọtí sí i, kí n fi ìka fún ìdí etí náà lóde títí màá fi gbọ́ ṣọ̀-ṣọ̀, kí n jẹ́ kó gbọn orí rẹ̀, kí n fi òwú nu ibi tí ìka mi dé nìkan, kí n má fi igi kankan tọ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oògùn, àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ó tilẹ̀ ti san lójú mi ní ọjọ́ karùn-ún, kí n má dáwọ́ dúró. Kí n má da òróró tàbí òrí sí i. Àti omi? Ó ní, "Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù."

Mi ò lọ ilé tààrà. Àdúgbò Kalley ni mo ní kí kẹ̀kẹ́ gbé wa lọ, sọ́dọ̀ àbúrò mi Àbdùlláhì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú níbẹ̀. Mo so ajá mọ́ igi dongoyárò níta. Ó jáde, ó rí mi pẹ̀lú ajá, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Mo ní, "Tí n kò bá wẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣé ìrun mi ṣì dára nínú ọgbà yẹn?"

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, abọ́ ni."

"Abọ́ wo?"

"Abọ́ tí ajá bá lá! Òun ni wọ́n ní kí a fọ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ta ló ní kí ẹ wẹ ajá?"

"Bàbá wa ni!"

"Bàbá wa ní abọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń sùn nídìí wàláà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó di inú mú. "Ajá tó ń ṣọ́ ilé àti iṣẹ́, ẹ̀sìn yọ̀ǹda rẹ̀. Abọ́ tó fi ń jẹun ńkọ́, ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Abọ́ ajá náà, ọdún méjì, kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́ rí.

"Ó dáa," ó ní, "tí ọwọ́ bá ń yún yín láti fọ nǹkan, ẹ lọ fọ abọ́ rẹ̀." Mo fẹ́ gbá a létí. Tí kì í bá ṣe pé ó ti di àlùfáà, wàlláhì, ǹ bá gbá a.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi gbé orí sókè lórí ẹní. Ajá ló kọ́kọ́ wò. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, mo ti pinnu pé mi ò ní pariwo, mo pariwo. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé omi yẹn ló ń ba etí rẹ̀ jẹ́?"

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. "Tí mo bá sọ fún ọ," ó ní, "ṣé wàá jẹ́ kó dúró?"

Mo ya ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò jáde. Nítorí pé ǹ bá ti ní kó máa lọ. Ní ọdún tó kọjá, ní oṣù tó kọjá, ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ǹ bá ti fi ìgbálẹ̀ lé e jáde, ǹ bá sì sùn dáadáa. Mo ní, "Ẹ foríjì mí." Kò gbọ́, mo ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́ jù. Mo tún un sọ sí i létí.

Nígbà tí Jímọ́ dé, mo bu omi sínú búútà, mo gbé yanrìn sínú agolo, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi ti rí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dìde, ó di ajá náà mú lọ́rùn, ó sì ká láwàní rẹ̀ sábẹ́ apá. Kò sọ pé kí n má ṣe é. Àdéhùn ni àdéhùn lójú tirẹ̀. Mo kọjá lára wọn. Mo gbé abọ́ irin tí ajá fi ń jẹun, mo jókòó sórí àpótí, mo fi yanrìn ha á. Ọ̀kan. Mo da omi sí i. Èjì. Mo ń kà á sókè kí ó lè rí ẹnu mi. Nígbà tí mo dé ìkeje, mo da ojú abọ́ náà bo orí òkúta kí ó gbẹ. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń wo abọ́ yẹn. Ó wá tú láwàní lábẹ́ apá, ó fi nu ojú ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi kán oògùn náà, èmi fúnra mi. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ń fi ọ̀rá náílọ́nù wé ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá náà ń dà mí láàmú, mo jù ú nù. A padà sí Lamordé, Ousmane gbé awò rẹ̀ jáde, mo ní kó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ wò ó. N kò rí ẹ̀pà kankan níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kí Rámádánì tó wọlé, mo wà nídìí ààrò ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọkọ mi wà lábẹ́ páànù, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń pa bẹ́líìtì dà. Mo fẹ́ bi í bóyá kí n fi ata sí ọbẹ̀. Mo ti mú òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kí n sọ ọ́ síwájú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ju òkúta náà sílẹ̀. Mo pè é, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń pè é nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

"Bàbá Kàbír."

Jéró gbé orí sókè. Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ nù, ó fi imú kan orúnkún ọkọ mi, ó sì kọjú sí ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ mi yí padà.

"Ìyá Kàbír," ó ní, "ṣé o pè mí ni?"

Ó tó ọdún mẹ́jọ tí ó ti bi mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Mo pè yín."